Omi ti fà, àmọ́ ọkàn àwọn èèyàn wa kò tíì balẹ̀: kí la lè ṣe ládùúgbò?

Akọ̀wé Àdúgbò
Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìbàdàn la wà, àdúgbò wa sún mọ́ odò, omíyalé sì ṣe wá lóṣù tó kọjá. Láwọn ilé kan, omi ga dé ojú fèrèsé. Ìrẹsì ti dé, ẹní àti bẹ́ẹ̀dì ti dé, àwọn ìjọba ti wá kọ orúkọ, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí náà gbìyànjú gan-an. Ohun tí kò yé mi ni bí a ó ṣe ṣe ti ọkàn àwọn èèyàn.

Ìyá kan wà tó ń ta àǹkárá, omi kó gbogbo ọjà rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, iwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣófo ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Tí ẹ bá kí i, á dáhùn. Tí ẹ bá gbé oúnjẹ fún un, á dúpẹ́, á gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni oúnjẹ náà máa tutù sí. Àwọn ọmọ tó ti kúrò ní ẹni tó ń tọ̀ sílé tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Bàbá kan kì í sùn mọ́ bí òjò bá ti ṣú: á gbé àga síta, á máa tan tọ́ọ̀ṣì sínú gọ́tà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí, mi ò kì í ṣe dókítà. Kí ni agbára irú àwa yìí ká?

Màmá Nọ́ọ̀sì
Akọ̀wé, ẹ kú làálàá o. Ọlọ́run á tu gbogbo yín nínú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́ka ìtọ́jú ọpọlọ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún gbogbo àdúgbò pé orí àwọn èèyàn yẹn kò dàrú. Ẹni tí omi ká mọ́lé lóru, tó ń gbọ́ igbe aládùúgbò nínú òkùnkùn tí kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí bí ara rẹ̀ kò ṣe ní gbọ̀n. Kí oorun dá lójú, kí àyà ṣáà máa já, kí oúnjẹ má wọ ọ̀nà ọ̀fun, kí èèyàn máa jágbe mọ́ ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí irú àjálù yìí bá ni díẹ̀ máa ń ṣe nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá ti rí ibi sùn, tí wọ́n rí oúnjẹ, tí wọ́n sì rí èèyàn.

Lọ́dún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú àwọn àjọ méjì mìíràn gbé ìwé kékeré kan jáde nítorí irú yín, àwọn tí kì í ṣe oníṣègùn. Ohun mẹ́ta ló dá lé: ẹ wò, ẹ gbọ́, ẹ so wọ́n pọ̀ mọ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹ máa wo ẹni tó dá wà, aláboyún, arúgbó, abirùn, ọmọ tí kò rí òbí rẹ̀. Gbígbọ́ ló ṣòro jù fún àwa Yorùbá, torí a fẹ́ràn ká máa gba èèyàn níyànjú. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í pé, "Kí lẹ nílò láàárọ̀ yìí?" Tó bá sọ̀rọ̀, ẹ tẹ́tí. Tí kò bá sọ̀rọ̀, ẹ ṣì jókòó.

Ẹ má kó àwọn èèyàn jọ sí gbọ̀ngàn kí ẹ ní kí kálukú dìde wá sọ bí omi ṣe gbé tirẹ̀ lọ. Mo ti rí àwọn tó wá láti òde ṣe é, tàwọn ti kámẹ́rà lọ́wọ́. Wọ́n rò pé téèyàn bá ti tú u jáde lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé kì í dènà àìsàn tó lè tẹ̀ lé e, ó sì lè dá kún ti ẹlòmíràn.

Ẹ sọ fún àwọn tó ń lọ kí wọn náà pé kí wọ́n dín "ẹ ṣáà dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ sí i" kù. Òótọ́ ni, ìfẹ́ la sì fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan, kò tún ní la ẹnu sọ ohun tó ń dùn ún mọ́.

Jagun
Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìyá aláǹkárá yẹn kò nílò ẹni tó máa jókòó tì í. Owó ọjà ló nílò. Ẹ fún un ní owó tó fi máa lọ ra àǹkárá lọ́jà Gbági, ẹ ó rí i bó ṣe máa dìde.

Màmá Nọ́ọ̀sì
Jagun, ẹ ò ṣì sọ o. Ohun tí mo pè ní síso pọ̀ mọ́ ìrànlọ́wọ́ gan-an lẹ ń sọ yẹn. Ẹni tí kò mọ ibi tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ti máa wá, ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan kò lè mú un sùn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: ẹni tí kò lè gbé ọwọ́ sẹ́nu, ṣé òun ló máa wọ mọ́tò lọ Gbági láti lọ nájà? Ẹ wá obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ́jà, tó mọ̀ ọ́n dáadáa, kó wá mú un lọ, kí wọ́n jọ lọ, kí wọ́n jọ bọ̀. Ẹgbẹ́ alájọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n lè gbé àjọ oṣù yìí fún un ṣáájú? Owó àti èèyàn, kí ìkan má ṣe dá wá.

Ọmọ Ògùnpa
Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya ní ọjọ́ Sunday, 31 oṣù kẹjọ, 1980. Àwọn tó kú lé ní 200. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí odò yẹn máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ṣe é ní 1960, 1963 àti 1978, àmọ́ ti 1980 yẹn ni gbogbo Ìbàdàn kò gbàgbé.

Kò sẹ́ni tó bi àwa ọmọdé léèrè ohunkóhun nígbà náà. Ohun tó gbà wá ni agboolé. Ilé ìyá ìyá mi lórí òkè la sá lọ, àwa àti ẹbí tí a kò mọ iye wọn. Àwọn ìyá dáná pọ̀ sínú ìkòkò kan náà, wọ́n pín iṣẹ́ fún wa: ìwọ lọ pọnmi, ìwọ ṣa ẹ̀wà, ìwọ gbé ọmọ pọ̀n. Lálẹ́, wọ́n ń pàlọ́ fún wa. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn náà ń sunkún nígbà tí a bá ti sùn.

Akọ̀wé, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sílẹ̀ rèé. Àwọn èèyàn máa rò pé tó bá ti di ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Títí ìyá mi fi jáde láyé, bí òjò bá ti ń lu páànù lóṣù kẹjọ, á dìde, á kó ìwé ilé, ìwé ìbí wa àti fọ́tò bàbá mi sínú ọ̀rá, á fi okùn dè é, á fi sábẹ́ ìrọ̀rí. A kì í bá a jiyàn. Ọ̀kan nínú wa á lọ sùn sí yàrá rẹ̀ lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí àdúgbò yín fi í sínú ètò pé tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa tún yí ilé ká, àní bí ẹnikẹ́ni kò bá tiẹ̀ pè yín.

Tíṣà Aláàánú
Ti àwọn ọmọdé ni kí ẹ jẹ́ kí n dá sí. Ọmọ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ẹ má nà án, ẹ má fi ṣẹ̀sín lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì ní kó ru ẹní kiri. Ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ẹ ní kò sí wàhálà. Ìbẹ̀rù ló fà á, ìbẹ̀rù náà ló máa bá lọ.

Ní kíláàsì mi, mo ní ọmọ tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ òjò bá ti ń fẹ́, abẹ́ tábìlì ló ń wọ̀. Mi ò fà á jáde. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń sọ fún un ní ohùn jẹ́jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: "Afẹ́fẹ́ nìyẹn. Páànù ló ń dún yẹn. Òkè ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà, omi kì í dé ibí. Màmá ẹ á wá mú ẹ tí aago bá lù." Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún àwọn tó kéré sí i.

Àwọn kan á máa ṣeré omíyalé: wọ́n á da omi sílẹ̀, wọ́n á gbé bébà sí i bí ilé, wọ́n á ní ó ti gbé e lọ. Ẹ má jágbe mọ́ wọn. Bí ọmọ ṣe ń ro ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ dá wọn padà sílé ẹ̀kọ́ kíákíá, ì báà jẹ́ láìsí yunifọ́ọ̀mù. Kí aago tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń ka ìwé padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí àwọn àgbà sì má máa ka iye òkú lójú wọn.

Ará Apẹ̀tẹ̀
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mi ò mọ̀ bóyá kí n kọ tèmi.

Ọjọ́ Friday, 26 oṣù kẹjọ, 2011 ni. Oṣù Ramadan ni, Ìtúnu Ààwẹ̀ ti sún mọ́lé, àwọn èèyàn ti ń ra nǹkan ọdún. Òjò tó rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, adágún Ẹlẹ́yẹlé kò gbà á, omi ya bo àdúgbò, ó sì gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ. Àwọn tó kú ní gbogbo Ìbàdàn lé ní 100. Àbúrò mi wà lára àwọn tí a kò rí. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa alẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti òkú tí a kò rí sin. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, òkú ọ̀dọ́ dùn wọ inú egungun, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí òkú, ẹ máa sunkún, ẹ máa sin ín, ilẹ̀ á bò ó. Màmá mi kò rí èyí. Bí ẹnikẹ́ni bá kan géètì, á gbé ojú sókè. Aṣọ àbúrò mi wà lórí okùn nínú yàrá, kò jẹ́ kí a ká a. Àwọn kan ń sọ fún un pé, "Ẹ gbà pé ó ti kú." Àwọn kan ń sọ pé wọ́n ríran pé ó wà láàyè níbì kan. Àwọn méjèèjì ló pa á lára, ti àwọn aríran ló sì burú jù, torí owó ọkọ̀ tí a kò ní la fi ń wá a kiri.

Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Gbogbo Thursday ló máa ń wá, á ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bọ̀, wọ́n á jọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa ṣa á. Nígbà míì wọn kò ní sọ̀rọ̀ rárá. Nígbà míì màmá á sọ pé, "Ó fẹ́ràn tẹ̀tẹ̀," àbúrò rẹ̀ á sì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá tí ẹja bá wà nínú ẹ̀." Kò sọ pé ó kú, kò sọ pé ó ń bọ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló pè wá lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ kí a ṣe àdúrà fún un. A pe àwọn alfa, a ṣe sàráà, a pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ká aṣọ náà fúnra rẹ̀.

Tí irú ẹbí bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò yín, ẹ má dá ọjọ́ fún wọn. Ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n dá wà títí ọjọ́ náà á fi pé.

Alfa Kékeré
Ọlọ́hun á fi àlùjánná kẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́.

Ohun kan tí mo máa ń sọ fún àwọn tí omi gba ẹ̀mí lọ́wọ́ wọn ni pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ka ẹni tó kú sómi àti ẹni tí ilé wó lù mọ́ àwọn ṣẹ̀hídì, ìyẹn àwọn ajẹ́rìíkú. Mo rí i lójú àwọn ìyá tí mo sọ fún bó ṣe ń tù wọ́n. Àdúrà fún òkú kò sì dúró de sàréè. Mo bẹ àwa alfa àti àwọn pásítọ̀ wa, kí ẹnikẹ́ni má gun mímbárì tàbí pẹpẹ lọ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará àdúgbò ló fa omi. Àwọn tó ṣòfò ọmọ wà ní sàfù iwájú, wọ́n ń gbọ́ wa.

Ọmọ Ìbàdàn ní Manchester
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àwa tí a wà lókè òkun náà lọ́wọ́ nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yìí. Fídíò omi yẹn, a ń fi ránṣẹ́ láti orí WhatsApp kan sí òmíràn, ó sì ń padà sí fóònù àwọn tí ilé wọn wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dẹ́kun rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ pe àwọn ará ilé, ká má bi wọ́n pé kí wọ́n tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi yan ọmọ kan nínú ẹbí tó máa máa fún gbogbo wa ní ìròyìn, kí ẹnu lè sinmi fún àwọn yòókù.

Akọ̀wé Àdúgbò
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ará Apẹ̀tẹ̀, ẹ kú àfẹ́kù. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, ẹni tó ni kẹ́mísì ládùúgbò ń ta oògùn oorun fún àwọn èèyàn, Valium àti irú rẹ̀. Ṣé ó dáa? Èkejì, àwọn ọkùnrin. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìdí igi ayò tí wọ́n ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ ti dá páro, ibi tí wọ́n ti ń ta paraga ló kún.

Màmá Nọ́ọ̀sì
Ẹ lọ bá oníkẹ́mísì yẹn kí ó dáwọ́ dúró, kí ẹ bá a sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé a kì í fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú ẹni tí àjálù ṣẹ̀ṣẹ̀ bá tàbí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ń di bárakú, arúgbó tó bá sì lò ó lè ṣubú lóru. Paraga náà, oorun tó ń fúnni kì í ṣe oorun ìsinmi.

Èyí tó ṣe kókó ju ti oorun lọ rèé: ẹ lọ láti ilé dé ilé, ẹ bi wọ́n bóyá omi gbé oògùn ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó ń lo oògùn wárápá, oògùn àìsàn ọpọlọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ojú máa ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Tí ẹni tó ní wárápá bá ṣèèṣì dáwọ́ oògùn dúró lójijì, gìrì lè mú un léraléra. Ẹ mú irú wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lónìí, ẹ má dúró de ìpàdé.

Jagun
Ti àwọn ọkùnrin, ẹ gbọ́ tèmi. Ọkùnrin wa kì í jókòó kó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkàn òun. Ẹ fún un níṣẹ́. Ẹ dá ọjọ́ gọ́tà sílẹ̀ ní Sátidé, kí wọ́n gbé ṣọ́bìrì. Ọwọ́ á wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú kò ní kan ojú, ẹ ó gbọ́ ohun tí ẹ kò gbọ́ rí. Ti bàbá tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo gọ́tà, kí nìdí tó fi jẹ́ òun nìkan? Ẹ ṣe é bíi ti ọdẹ àdúgbò. Ẹ pín alẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́, méjì méjì, tí òjò bá ti ṣú kí wọ́n máa wo omi, kí wọ́n ní fèrè. Ẹ lọ bá bàbá pé, "Bàbá, ẹ wá kọ́ wa ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé kí a tó fọn fèrè, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sùn."

Màmá Nọ́ọ̀sì
Jagun, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Bàbá yẹn kò sọ ohun tí kò sí, omi lè padà wá lóòótọ́. Tó bá mọ̀ pé ẹlòmíràn ń ṣọ́nà, ara rẹ̀ á gbà fún un láti sùn.

Èmi fi iṣẹ́ kọ́ pé ará ìlú lè ṣe é. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Arò, l'Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 1954, tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni àwọn aláìsàn ń gbé, ìbátan wọn kan wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Àwọn dókítà wá láti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó. Ní Zimbabwe, láti 2006, àwọn ìyá àgbà ni wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀, orí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn ni wọ́n ń jókòó sí, ìwádìí sì fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ kò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ ládùúgbò?

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí agbára yín mọ. Tó bá ti lé ní oṣù kan tí èèyàn kò lè ṣiṣẹ́, tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá aláǹkárá yẹn ti sún mọ́ oṣù kan, kò sì jẹun. Ẹ má dúró mọ́, kí ẹni tó fọkàn tán mú un lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ìyá ọlọ́mọ tuntun tí kò fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ti wọn kì í dúró di oṣù kan. Ẹ bi í ní tààrà pé, "Ṣé ẹ ti ń rò ó pé kí ẹ pa ara yín?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí èèyàn lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ gbé e lọ. Ìbàdàn lẹ wà, ilé ìwòsàn ńlá UCH kò jìnnà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ "wèrè" dẹ́rù bà wọ́n. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́, ó sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó bá wá gba ìtọ́jú.

Akọ̀wé Àdúgbò
A ṣe ìpàdé lálẹ́ àná. Ọ̀rẹ́ ìyá aláǹkárá kan láti ọjà ló máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Monday, ẹgbẹ́ alájọ ti gbà láti gbé owó fún un. A ti pín ìṣọ́ omi. Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ògiri afárá kékeré orí gọ́tà, ibi tí omi kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì ń lọ láti ilé dé ilé nítorí oògùn, wọ́n ti rí ẹni mẹ́ta. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, a máa tún yí ilé ká.

Màmá Nọ́ọ̀sì
Olúwa á ràn yín lọ́wọ́. Ó ku ẹ̀yin fúnra yín. Òru lẹ ti ń kọ̀wé síbí, ilé tiyín náà sì wà létí odò. Alẹ́ wo lẹ fi sílẹ̀ fún oorun?

Akọ̀wé Àdúgbò
Mo gbọ́, Màmá. Igbákejì mi máa mú ti Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, fóònù mi á sì wà lọ́wọ́ ìyàwó mi.